Bí A Ṣe Wo Ilé Láti Orí Kẹ̀kẹ́ Ńlá

Bí èmi àti ọmọ-ọmọ mi ṣe jókòó sínú kẹ̀kẹ́ ńlá tuntun tí ń gbé èèyàn yípo lókè, òórùn gírísì gba imú mi. Ọmọ náà ní, "Bàbá àgbà, kò tiẹ̀ ga, franchement, ká sòótọ́!"

Irú rẹ̀ já èmi náà kulẹ̀ ní kékeré, ní Sankaryaré, àdúgbò wa ní ìlú àjèjì. Mo ti lérò pé a ó rí Ògbómọ̀ṣọ́ àti ìyá àgbà mi láti òkè. Páànù àti eruku pupa ni mo rí. Mo bú sẹ́kún.

"Dákẹ́, Àlàájì kékeré," ni bàbá mi wí, ó nawọ́ síwájú, sí apá àdúgbò Tampouy. "Ilé nìyẹn, lẹ́yìn igi yẹn. Juwọ́ sí ìyá àgbà."

Mo ń juwọ́ tayọ̀tayọ̀. Òun alára yí ọrùn padà, ó ń wo ẹ̀yìn títí kẹ̀kẹ́ fi sọ̀ wá kalẹ̀.

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé ẹ̀yìn wa ni Ògbómọ̀ṣọ́ wà.