Fọ́nrán Bàbá Tó Sùn ní Kíláàsì

Mo rántí ìgbà tí wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìwà ọmọlúàbí lórí ayélujára, ní ilé-ìwé kan lọ́nà Ìjàyè tí iná kì í sí. Kọ̀ǹpútà wà, ṣùgbọ́n wọ́n fi aṣọ bò wọ́n bí òkú, aláǹgbá sì ti sọ ẹ̀yìn wọn di ilé. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdálẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn dé kò tilẹ̀ ka ìyẹn sí. Mo rò pé sáà kan ṣoṣo tó láti tún ayé ṣe. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó pé, "Ronú kí o tó fi ránṣẹ́." Àwọn ọmọ kà á tẹ̀ lé mi bí ẹni ń kọrin, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Nígbà tí mo ṣe ìdánwò fún wọn, ọmọbìnrin kan ló gbégbá orókè. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà débi pé mo ka ìdáhùn rẹ̀ sétí àwọn olùkọ́ yòókù, mo ń yan bí ẹni tó bí i.

Ọmọ yìí kan náà ló ya fọ́nrán bàbá tó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ àgbẹ̀.

Bàbá náà ti dàgbà, ó kù díẹ̀ kí ó fẹ̀yìn tì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fún àwọn ọmọ níṣẹ́ kọ, ó jókòó, oorun sì gbé e lọ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin yìí yọ fóònù ìyá rẹ̀ tó jí gbé wá sílé-ìwé, ó yà á, ó fi orin sí i, ó kọ ọ́ sí i lórí pé, "Ibi tí owó oṣù ìjọba ń lọ rèé." Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìlọrin ti fi ránṣẹ́ sí mi, ó ń bi mí bóyá mo mọ ilé-ìwé náà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àwọn ọ̀gá láti òkè ti pe pírínsípà wa. Wọ́n ní kí bàbá wá sọ tẹnu rẹ̀, wọ́n sì ti ń sọ̀rọ̀ pé àwọn lè dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó ti ń wo owó ìfẹ̀yìntì lọ́ọ̀ọ́kán.

Mo wọ kíláàsì tìbínú-tìbínú. Mo bi wọ́n pé ta ló ṣe é. Ọmọbìnrin náà dìde, kò jẹ́ kí n bi í lẹ́ẹ̀mejì.

"Èmi ni, mà. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ mi nìkan ni mo fi ránṣẹ́ sí, mo sì ti pa á rẹ́."

"Kí ni mo kọ́ yín?"

"Ẹ ní ká ronú ká tó fi ránṣẹ́. Mo ronú, mà. Mo ronú pé ó máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín."

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀, tọkàntọkàn ló fi ń sọ ọ́. Gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ ló mọ̀, bàbá tó wà nínú fọ́nrán náà nìkan ni kò rò mọ́ ọn. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti ayélujára tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹyin tó bá fọ́ kì í rìn.

Nígbà tí a jáde, mo mú un lọ sílé bàbá. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ilé tó lè máa yí i padà lórí ibùsùn lóru. A bá bàbá lórí ìkúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi síbí bu ẹ̀kọ sí ìyá náà lẹ́nu. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà." Bàbá bi í bóyá ó ti jẹun. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi, bí ẹni pé òun ló yẹ kí ó tọrọ àforíjì.

"Mi ò mọ̀ pé ẹnu mi máa ń là tó báyẹn."

Lójú ọ̀nà, ọmọ náà ní òun fẹ́ gba fọ́nrán náà padà. N kò ní ọkàn láti sọ fún un pé kò ṣeé gbà mọ́, ni a bá ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ. Láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ a dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gun ọ̀kadà ní Moniya. Ó pa tirẹ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n ó ní gbogbo ọlọ́kadà ló ti ní in. Láti ibẹ̀ a dé ọ̀dọ̀ ìyá aránṣọ kan létí títì.

"Ṣé irọ́ ni pé ó ń sùn ni?" ni ìyá náà bi wá.

"Kì í ṣe irọ́, mà," ọmọ náà dáhùn. "Ìyàwó wọn ni ò lè dìde. Àwọn ni wọ́n ń yí i padà lórí ibùsùn títí ilẹ̀ á fi mọ́."

Ìyá náà dá ẹ̀rọ dúró. Ó pa fọ́nrán náà rẹ́ lójú wa. Lẹ́yìn èyí ló wá gbójú sókè, ó ní òun ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ mọ́sálásí àwọn. Ọmọ náà bú sẹ́kún lójú títì, èmi náà fẹ́ẹ̀ bú sí i.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ìyá ọmọ náà wá bá mi jà ní ilé-ìwé pé mo ń mú ọmọ òun káàkiri bí olè. Ó ní ẹ̀rín lásán ni, òun gan-an ṣáà fi ránṣẹ́ sáwọn ẹlẹ́gbẹ́ òun lọ́jà. Ilé là á ti kó ẹ̀ṣọ́ ròde, wọ́n sì ní kí èmi máa fi ṣọ́ọ̀kì tún un ṣe.

Pírínsípà bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n fi bàbá sílẹ̀, ó sì fẹ̀yìn tì bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n títí ó fi lọ, kò jókòó mọ́ nínú kíláàsì kankan. Ọmọbìnrin náà a gbé àga wá fún un, bàbá a ní, "O ṣé, ọmọ mi," a sì kó ìwé rẹ̀ lé e, a wá dúró lórí ẹsẹ̀ tó ti wú títí aago á fi lù.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí, bàbá sì ti dolóògbé, ṣùgbọ́n fọ́nrán náà kò yé dé ọ̀dọ̀ mi. Ibi tí mo bá ti rí i, mo máa ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé mo mọ bàbá yìí, ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn nígbà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́. Ọ̀pọ̀ kì í dá mi lóhùn. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí bi mí pé ṣé bàbá mi ni. Mo ní rárá. Ó ní kí ló wá kàn mí níbẹ̀. Ìbéèrè yẹn gan-an ni ó yẹ kí n ti kọ sójú pátákó láti ọjọ́ kìíní, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́ pé, "Kí ló kàn mí níbẹ̀?"