Àwòrán Orí Káńtà

Ọdún kejì tí mo dé Dublin ni mo ríṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Coolock. Iṣẹ́ pọ̀ nígbà náà, ilé gbogbo ló ń ra kọ̀ǹpútà. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀: ọ̀gá wa àti òṣìṣẹ́ kan, ọmọ ilẹ̀ Ireland làwọn méjèèjì, àti èmi. Ọ̀gá kì í jágbe mọ́ ènìyàn. Ohunkóhun tí o bá wí fún un, "grand" ni yóò fi dáhùn, ìyẹn ni pé ó dára bẹ́ẹ̀.

Obìnrin kan wà, mọ́sálásí kan náà la jọ ń lọ. Ó jù mí lọ, Àǹtí ni mo ń pè é. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú, ó sì ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò rí irun orí rẹ̀ rí. Nígbà tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ̀ tí kò tàn mọ́, ó gbé e láti Mulhuddart wá bá mi, bọ́ọ̀sì méjì ló wọ̀. Ó fọwọ́ síwèé tí ọ̀gá gbé síwájú rẹ̀ láìkà á. Ó kọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sórí bébà péńpé, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Àbúrò mi, ìwọ ni mo gbé e fún o, kì í ṣe àwọn òyìnbó yìí."

Mo tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, mo fi bébà náà sílẹ̀ lórí tábìlì, mo lọ jẹun ọ̀sán. Nígbà tí mo padà dé, àwọn méjèèjì ti ṣí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àǹtí ló wà nínú àwòrán kan tí wọ́n ń wò, nínú yàrá rẹ̀, irun rẹ̀ wà ní títú, ó ń fọ́mọ lọ́mú. Ọ̀gá ní kí n wá wò ó, ó bi mí bóyá báyìí ni gbogbo obìnrin Mùsùlùmí ṣe rí lábẹ́ aṣọ. Mo wò ó. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò ní parọ́ pé ẹ̀rù ló bà mí. Inú mi dùn pé wọ́n pè mí mọ́ra.

Ọ̀gá da àwòrán náà kọ, ó fi ṣe ojú kọ̀ǹpútà orí káńtà tí àwọn oníbàárà ń rí. Ó ní òun yóò yọ ọ́ kí obìnrin náà tó dé. Ó gbàgbé.

Sátidé ló wá gbẹ́rù rẹ̀, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ ọmọ ọdún méje. Ọmọ yẹn ló kọ́kọ́ rí i, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé àwòrán ìyá òun rèé. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń dúró de tiwọn yíjú síbẹ̀. Obìnrin náà súnmọ́ káńtà. Ó bọ́ kóòtù ọrùn rẹ̀, ó fi bo kọ̀ǹpútà náà.

Ọ̀gá ní òun á pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ìwé tí obìnrin náà fọwọ́ sí ti sọ pé ohun tó bá wà nínú ẹ̀rọ kò kan ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin náà kọjú sí mi.

"Ṣé ìwọ náà wò ó?"

"Rárá, Àǹtí. Ẹ gbà mí gbọ́."

Ó fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ̀wé béèrè, ọ̀gá ní kí n kọ ọ́ pé kò sí àwòrán kankan lórí káńtà. Lórúkọ ọ̀gá ni ìjọba fi ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi sí, bó bá lé mi, mo pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Mo kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i. Èmi náà ni mo pa àwòrán rẹ́. Wọ́n dá obìnrin náà lóhùn pé àwọn kò rí ẹ̀rí.

Ọmọbìnrin náà ti sọ fún bàbá rẹ̀. Ìyàwó mi ló gbọ́ pé ọkọ obìnrin náà kò béèrè ẹni tó ṣe é. Ohun tó béèrè ni ta ló ní kí ó kó irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Kí ọdún tó parí, obìnrin náà ti fi ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, wọ́n kó lọ sí ìlú mìíràn.

Mo lo ọdún mẹ́ta sí i ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Àdírẹ́sì wọn tuntun wà lọ́wọ́ ìyàwó mi. Mi ò kọ̀wé sí i.