Okùn Mẹ́ta Nínú Pálọ̀ Wa

Okùn mẹ́ta ló wà nínú pálọ̀ wa ní ìgbà òjò náà. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti ara ìṣó tó wà lókè ilẹ̀kùn, ó sì parí sí irin ojú fèrèsé tó kọjú sí ọ̀sà. Ìkejì gba orí àga ọkọ mi kọjá, àga tí kò jókòó sí mọ́. Ìkẹta kúrú, aṣọ ìnura àti àwọn àkísà kéékèèké ni mo máa ń sá sórí rẹ̀. Ẹni tó bá wọlé ní láti tẹrí ba kí ó tó rí ibi jókòó sí, nítorí náà àwọn àlejò dín kù. N kò dá wọn lẹ́bi.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lu ọkọ mi nígbà ọyẹ́ tó ṣáájú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì di èyí tí ènìyàn ní láti fara balẹ̀ kí ó tó gbọ́. Kò lè dìde lọ tọ̀ mọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń fọ aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyẹn kò ni mí lára. Tí mo bá sá a síta láàárọ̀, kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná ó ti gbẹ táútáú. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò oṣù kẹfà dé, tí oòrùn kò yọ fún ọ̀sẹ̀ kan, ìkejì, ìkẹta, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ kù sórí okùn.

Ẹni tí kò bá gbé etíkun Àgbádárìgì rí lè rò pé òtútù kò sí níbí. Òtútù wa kì í mú eyín gbọ̀n. Inú nǹkan ló máa ń wọ̀: ìwé, búrẹ́dì, ìrọ̀rí, bàtà tí a gbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ènìyàn lè ṣí àpótí aṣọ kí ó rí i pé aṣọ tí ó ká síbẹ̀ ní gbígbẹ ti ń bu.

Ọmọ wa obìnrin, tó ń gbé ní Mọ̀rógbó pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, wá kí wa ní ọjọ́ Sátidé kan. Kò tíì jókòó tó fi ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀yìn bàbá rẹ̀.

"Màámi, aṣọ yìí tutù."

"Kò tutù. Mo lọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí."

"Ẹ fọwọ́ kàn án fúnra yín."

Mo fọwọ́ kàn án. Ó tutù.

Ó yí bàbá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Egbò kan ti là sí i ní ìbàdí, ó tó ìdérí ìgò. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó kàn pọ́n lásán ni.

"Nọ́ọ̀sì sọ fún yín pé ara wọn gbọ́dọ̀ máa gbẹ."

"Ó sọ fún mi."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Tí mo bá dé ní Sátidé tó ń bọ̀, tí abẹ́ wọn ṣì tutù, màá gbé wọn lọ sọ́dọ̀ mi. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la wà, ẹ̀rọ amúnáwá wà níbẹ̀, aṣọ ń gbẹ."

Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ti sọ tirẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti gbé e dé láti ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gbà á ní àkókò, ó sì sọ ọ́ tán: "Má jẹ́ kí wọ́n gbé mi kúrò níbí." Ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ló fi gbogbo ayé rẹ̀ tún ṣe. Láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń gbọ́ àwọn ọkọ̀ tó ń ná Tópò lódì kejì ọ̀sà, ó sì mọ ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí mo ṣe mọ ohùn àwọn ọmọ kíláàsì mi nígbà tí mo ń ṣe tíṣà. Mo ti ṣèlérí fún un. Ní ọjọ́ Sátidé náà, ó yẹ kí n sunkún. Mo mọ̀ pé ó yẹ. Mo dúró sí ìdí ìkòkò omi títí, n kò rí ẹkún kankan, mo bá lọ ká aṣọ. Ní ti ọkọ mi, a lè fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tó kú. Ní tèmi, n kò mọ ibi tí à bá fọwọ́ sí.

Mo fi ọ̀sẹ̀ náà ṣiṣẹ́. Ní Ọjọ́ Ajé, mo fi sísọ́ọ̀sì gé àwọn aṣọ ńláńlá sí méjìméjì, nítorí aṣọ kékeré ń yára gbẹ ju ńlá lọ. Mo sì ṣẹ́ etí wọn kí wọ́n má baà tú. Mo kọ́ láti tẹ́ aṣọ tí mo ti fún sórí aṣọ ìnura gbígbẹ, kí n ká a pọ̀ bí ẹní, kí n sì dúró lé e lórí. Omi tó máa ń jáde níbẹ̀ yóò ya ẹni tó bá rò pé òun ti fún aṣọ dáadáa lẹ́nu. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, iná ìjọba wà fún wákàtí díẹ̀, mo sì gbé fáànù sísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè máa gòkè gba àárín okùn méjì. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo aṣọ náà gbẹ. Inú mi balẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fọwọ́ kàn wọ́n níbi tí mo ká wọn sí, wọ́n ti tún rin. Kò yé mi. Kò sí ẹni tó da omi sí wọn.

Ní ọjọ́rú, mo dáná èédú, mo da apẹ̀rẹ̀ bò ó lórí, mo sì tẹ́ aṣọ lé apẹ̀rẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ gbayawu. Jọ̀wọ́, ìwọ tí o bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, má ṣe dáná èédú sínú yàrá tí o tì. Atẹ́gùn rẹ̀ ń pa ènìyàn láìfọhùn.

Ibi tí mo ti ń fẹ́ iná náà ni aládùúgbò wa dé. Obìnrin Ègùn ni, ọmọ Tópò, ẹja ló ń yan lẹ́yìn ilé wa. Ó fi imú fa afẹ́fẹ́.

"Màmá Tíṣà! Ẹja wo lẹ̀ ń yan ní pálọ̀?"

"Aṣọ bàbá rẹ ni."

"Yéè! Ẹ fẹ́ kí ológbò gbogbo àdúgbò máa tẹ̀ lé bàbá wa kiri?"

"Bàbá rẹ ò lè rìn."

"Ó dáa náà. Àwọn ológbò á wá bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì."

Ohùn kan ti yàrá wá, bíi ti ẹni tí omi há lọ́fun. Mo sáré wọlé. Ẹ̀rín ni ọkọ mi ń rín. Láti ìgbà ọyẹ́, n kò gbọ́ ọ rí.

Nígbà tí mo jáde, obìnrin náà ti mú etí aṣọ kan, ó fi ahọ́n kàn án, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

"Omi wo lẹ fi ṣan aṣọ yìí?"

"Omi kànga."

"Kò lè gbẹ láéláé."

"Má sọ pé láéláé. Sọ pé kò ní í tètè gbẹ."

"Láéláé ni, Màmá Tíṣà. Kànga tiwa, iyọ̀ wà nínú ẹ̀. Ẹja tí mo bá fi iyọ̀ sí, ó lè gbẹ lọ́sàn-án o. Kí òjò kàn ṣú báyìí, á tún máa ṣomi. Iyọ̀ ló ń pe omi. Ẹ fi omi òjò ṣan án."

"Omi òjò ni omi mímu wa."

Dúrọ́ọ̀mù méjì ni mo ń gbé sábẹ́ páànù, mo fi ọmọrí bò wọ́n, mo sì ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé láti ọdún pípẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bu omi inú wọn fọ aṣọ. Bí ìyá mi ṣe tọ́ mi nìyẹn.

Ó nàka síta, níbi tí òjò ti ń rọ̀. "Màmá, ṣé ìyẹn ti fẹ́ tán ni?"

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni kíláàsì mi. Lọ́dọọdún, ní ìgbà òjò, mo máa ń da iyọ̀ sínú àwo pẹlẹbẹ, màá gbé e sójú fèrèsé, màá sì ní kí àwọn ọmọ wo bí yóò ṣe ṣomi kí a tó jáde ilé-ìwé. Wọ́n á ya àwòrán rẹ̀. Màá fi bírò pupa sàmì sí i. Èmi yìí kan náà ló ń fi omi iyọ̀ ṣan aṣọ lójoojúmọ́, tí mo ń bá òjò jà.

"O káre," mo sọ fún un.

"Ẹ ṣé, Tíṣà!" Ó kúnlẹ̀, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà bí ọmọ ilé-ìwé, ó sì fi mí rẹ́rìn-ín títí ó fi dé ìdí ẹja rẹ̀.

Ní ọjọ́bọ̀, mo fi omi kànga fọ aṣọ bí mo ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, mo sì fi omi òjò ṣan wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mo fún wọn, mo ká wọn mọ́ aṣọ ìnura, mo dúró lé wọn lórí. Mo sá aṣọ kọ̀ọ̀kan sórí okùn méjì, kí ó là láàárín bí òrùlé, kí ẹ̀gbẹ́ kan má fara kan èkejì. Wọ́n gbẹ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ká wọn, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn wọ́n, nítorí àtẹ́lẹwọ́ tó ti dàgbà kì í tètè mọ ọ̀rinrin. Wọ́n ṣì gbẹ.

Ọmọ wa dé ní Sátidé. Ó mú awakọ̀ kan dání, àti ọkùnrin mìíràn tí yóò bá a gbé bàbá rẹ̀. Ó ti gbé àpò tí yóò kó aṣọ bàbá rẹ̀ sí wá. Ọkọ mi rí àpò náà, ó sì pa ojú dé.

Ọmọ náà kò fi ọwọ́ wò ó lọ́tẹ̀ yìí. Ó kúnlẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì náà, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí bàbá rẹ̀. Egbò náà kò tóbi sí i. Etí rẹ̀ ti ń gbẹ.

"Ó gbẹ," ó ní.

"Ó gbẹ."

"Kí lẹ ṣe sí i?"

"Mo bu omi mímu ṣan án."

Ó jáde lọ sọ fún àwọn ọkùnrin náà pé kí wọ́n máa padà. Nígbà tó wọlé, ó jókòó sórí àga bàbá rẹ̀, etí aṣọ ń kàn án lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo dúró tì í, mo gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn bí mo ṣe máa ń ṣe fún ọmọ tó bá ṣubú ní pápá. Mo rò pé ohun kan yóò mì nínú èmi náà. Mo dúró dè é. Ìgbín tó ń gun ògiri ìta ni mo ń wò.

Ọkọ̀ kan ń kọjá lọ sí Tópò. A gbọ́ ohùn ọkọ mi láti yàrá.

"Tíṣà. Ẹ̀rọ yẹn… ń mu epo jù."

"Mo gbọ́," mo dá a lóhùn.

Òjò tún bẹ̀rẹ̀. Mo yọ ọwọ́ kúrò lẹ́yìn ọmọ mi, mo sì lọ ṣí ọmọrí dúrọ́ọ̀mù méjèèjì.