Ọkùnrin Tí Orúkọ Rẹ̀ Ń Jẹ́ Ahunṣọ

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi kúrò n'Ísẹ́yìn lọ wọ bàálù l'Ékòó. Ayé ológun ni. Léèsì ni mo fẹ́ lọ rà ní Dùbáì, torí àwọn oníbàárà mi ò wojú aṣọ òfì tí bàbá mi ń hun mọ́.

Ní Al Muteena, àdúgbò kan ní Dùbáì, àwa obìnrin mẹ́fà la wà nínú yàrá kan. Bedspace ni wọ́n ń pè é: bẹ́ẹ̀dì lo sanwó fún, kì í ṣe yàrá. Ẹsẹ̀ mi ti wú. Ṣùgbọ́n Alhaja Sìfáwù, tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kángun sí tèmi, ò jẹ́ kí n sinmi.

"Àbúrò mi, léèsì dínwó ní Ṣájà. Yalla!" Ìyẹn ni "ó yá" lédè Lárúbáwá.

Dírámù márùn-ún, owó ilẹ̀ ibẹ̀, lówó takisí dé Ṣájà, ìlú tó múlé ti Dùbáì. Títì ń dán, kò sí kòtò kan bíi tiwa, àmọ́ ooru ń gbá wa lójú bí ẹni ṣí ìkòkò ọbẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù kẹta ní Al Majaz, àdúgbò kan ní Ṣájà, òyì kọ́ mi, mo ṣubú. Nígbà tí mo lajú, Alhaja ń fẹ́ atẹ́gùn sí mi, bàbá òyìnbó kan sì gbé omi sí mi lẹ́nu.

Ará Jámánì ni. Ó wá tún ẹ̀rọ tó ń kó iṣẹ́ sára aṣọ ṣe. Ó ní Weber lorúkọ òun. Bí wọ́n ṣe ń pè é lẹ́nu ni "Vébà". Nílé wa, orúkọ kì í ṣàìní ìtumọ̀, ni mo bá bi í pé kí ni tirẹ̀ túmọ̀ sí.

"Ahunṣọ ni," ló wí. "Weben ni kéèyàn máa hunṣọ. Láyé àtijọ́, a kì í ní orúkọ ìdílé. Nígbà tí Johann pọ̀ jù nílùú kan, wọ́n ń pe ọ̀kan ní Johann Alágbẹ̀dẹ, wọ́n ń pe èkejì ní Johann Ahunṣọ. Àwọn ọmọ wá jogún ẹ̀."

Mo dìde jókòó. "Ahunṣọ ni bàbá tèmi náà! Ta ló ń hunṣọ nílé yín báyìí?"

Ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀. "Kò sẹ́nìkan. Bàbá bàbá mi pàápàá ò mọ̀ ọ́n hun."

Mo ra léèsì, àmọ́ ọkàn mi ò sí nídìí ẹ̀ mọ́. Ìrìn àjò yẹn ló kọ́ mi pé iṣẹ́ lè kú kí orúkọ ẹ̀ máa rìn kiri ayé.

Nígbà tí mo délé, Bàbá ti ń tú òfì tí wọ́n fi ń hunṣọ palẹ̀. Káfíńtà kan fẹ́ ra igi ẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á."

"Ta ni yóò máa hun ún?"

"Èmi ni."

"Obìnrin kì í jókòó sídìí òfì nílé yìí."

"Mo mọ̀, Bàbá."

Bàbá rọra dìde lórí àpótí ìdí òfì, wọ́n fọwọ́ nu eruku orí ẹ̀.

"Jókòó."

Mo jókòó.