Ẹ̀rọ Omi Ẹnu Ọ̀nà

Iṣẹ́ mẹ́sẹ́njà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣe ní ọ́fíìsì kan. Odidi oṣù mẹ́jọ ló fi ń gbé lẹ́tà kan ṣoṣo káàkiri ibẹ̀, pé ẹ̀rọ omi ẹnu ọ̀nà ń jò. Akọ̀wé ní kò kan òun, kó gbé e fún akápò. Akápò ní, "Ṣé púlọ́ńbà lo pè mí ni? Gbé e fún ọ̀gá." Ọ̀gá kọ ọ́ sí i lára pé kí akọ̀wé bójú tó o. Àwọn àgbààyà! Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ká ṣòkòtò sókè gba inú omi kọjá.

Nígbà tó sú ẹ̀gbọ́n mi, ó mú sípánà wá láti ilé, ó pààrọ̀ rọ́bà inú ẹ̀rọ náà. Kò gbà á ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn pé sípàdé. Ta ló rán an níṣẹ́ tí kì í ṣe tiẹ̀? Wọ́n tẹ ìwé ìbáwí fún un, ó wá ku ẹni tó máa fọwọ́ sí i. Akọ̀wé ní kò kan òun.

Oṣù kẹta rèé tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbé ìwé ìbáwí ara ẹ̀ láti tábìlì dé tábìlì.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tẹ́ ẹ ò kàn fà á ya?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣé iṣẹ́ mi nìyẹn ni?"