Ẹ Má Pe Ìyá Àdùkẹ́ Ní Oníṣòwò

Ìgò ẹmu kan bẹ́ lórí àtẹ̀gùn ilé wa lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Obìnrin kan tó ń gbé lókè mi ló rà á ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà, ó sì gbàgbé pé ẹmu kì í fẹ́ kí a dé òun pa. Kí n tó ṣílẹ̀kùn, òórùn rẹ̀ ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó kan díẹ̀, ó dùn díẹ̀. Ọkùnrin ará Puerto Rico tó ń bójú tó ilé wa ti gbé garawa dé, ó fi ọwọ́ kan dì í mú, ó ń fi èkejì nulẹ̀. Obìnrin náà ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ ńlá. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá mi, n kò sì fẹ́ kó nù ún tán.

Lórí tábìlì mi nínú ilé ni ohun tó ń bí mi nínú wà.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni yóò pé ọdún kan tí Àdùkẹ́, aya mi, ti lọ. Ìgbìmọ̀ ìjọ wa níhìn-ín, ní Bronx lókè òkun, fẹ́ tẹ ìwé ìrántí, wọ́n ní kí n kọ ìtàn ayé rẹ̀. Mo kọ ọ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá rẹ̀ ta ẹmu nílùú wa títí ó fi darúgbó. Nígbà tí ìwé dé, páálí kan gbáko, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé: "A bí i sínú ìdílé oníṣòwò pàtàkì." Mo pe akọ̀wé ìgbìmọ̀ lórí fóònù.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ó ní. "A kàn fi ọ̀wọ̀ bo ìyá náà ni."

Ọ̀wọ̀! Bí ẹni pé ìhòòhò ni wọ́n bá a.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín nípa obìnrin tí wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ bò.

Ìlú kékeré ni ìlú wa, lójú ọ̀nà Iléṣà. Ilé bàbá mi àti ilé Ìyá Àdùkẹ́ kọjú síra, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi mọ ẹni tó rẹ́rìn-ín lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ rẹ̀ láìyọjú wò. Abẹ́ igi náà ni ó ti ń ta ẹmu. Ìjókòó ọparun ló wà níbẹ̀, wọ́n ti dán nítorí ìdí àwọn àgbàlagbà. Àwọn akọpẹ a máa gbé agbè wá láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ẹmu inú rẹ̀ a sì máa hó lẹ́nu bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Àdùkẹ́ a máa fi yanrìn àti omi fọ àwọn ahá, igbá kékeré tí a fi ń mu ẹmu, a sì tò wọ́n sójú oòrùn.

Ìyá kúrú, ó dúdú, ohùn rẹ̀ sì kéré. Kò sí ẹni tó mu nínú agbè kan rí kí òun fúnra rẹ̀ tó kọ́kọ́ mu níbẹ̀. Ìyá a mu ẹ̀kún ẹnu kan, a sì di ojú òsì. Bí ojú náà bá tètè là, ẹmu dára. Bó bá pẹ́ kó tó là, ẹmu ti kan, yóò sì wí bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì ni gbogbo ìlú fi mọ̀ ọ́n. Bí ọkùnrin kan bá ti mu tó, Ìyá kì í bá a jiyàn. Ìyá a dìde, a gba ahá lọ́wọ́ rẹ̀, a sì dojú rẹ̀ dé síwájú onítọ̀hún. Ó parí nìyẹn. Olóyè ni o, akọpẹ ni o, wàá dìde lọ bá ìyàwó rẹ. Àwọn ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ a máa gbọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí ọ̀dọ̀ Bàbá Onífíríìjì, tó ń ta bíà inú ìgò nítòsí ibùdókọ̀. Fíríìjì rẹ̀ ń lo kẹrosíìnì, ó sì ń pariwo ju rédíò rẹ̀ lọ. Bàbá a wo ojú wọn, a gbóòórùn ẹnu wọn, a bi wọ́n pé, "Ṣé ó ti dojú rẹ̀ dé?" Bí wọ́n bá ti ń wolẹ̀, ìgò míńírà ló máa ṣí fún wọn.

Tíṣà ìjọ wa, tó ń wàásù nígbà tí àlùfáà kò bá sí, fẹ́ràn ẹmu Ìyá. Ó mu ún lọ́jọ́ Sátidé kan títí ó fi ń kọrin. Lọ́jọ́ kejì ó gun orí àga ìwàásù, ó sì bú àwọn obìnrin tó ń ta ọtí, ó ní ìgbèkùn ni ìdí ìtajà wọn. Ìyá àti Àdùkẹ́ wà ní ìlà kẹta. Wọn kò dìde.

Nígbà tí Tíṣà tún dé, ó jókòó, ó pa ọwọ́ pọ̀. "Ìyá, ẹ bu tòní fún mi."

Ìyá gbé ahá síwájú rẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé.

"Mi ò tíì fẹnu kan nǹkan kan o!"

"Ẹ ti mu, Tíṣà. Èyí tí ẹ mu ní Sátidé ló gun àga ìwàásù."

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Tíṣà, ẹ gbàdúrà sí i, bóyá á yí padà!" Ẹ̀rín bo gbogbo abẹ́ igi. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọkùnrin náà fi wá jókòó síwájú ahá tó dojú dé. Lọ́jọ́ kẹta ó sọ ọ́ létí gbogbo ènìyàn pé, "Ìyá, ẹnu mi ló ṣẹ̀." Ìyá yí ahá náà padà, ó kọ́kọ́ mu, ó sì bu fún un.

Ẹ sì gbọ́ eléyìí, ẹ̀yin ìgbìmọ̀: lọ́dọọdún, nígbà ìkórè, àyè kì í gba ènìyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìjókòó ọparun Ìyá ni wọ́n ń wá rù. Orí ìjókòó ẹmu ni ìjọ jókòó lé gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Kò sẹ́ni tó fi ọ̀wọ̀ bo àwọn ìjókòó náà.

Àdùkẹ́ mú ìwà ìyá rẹ̀ wá síbí. Ó tọ́jú àwọn arúgbó ní àdúgbò Highbridge títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọ òkè ibẹ̀. Kò fi ṣíbí sí ẹnu arúgbó kankan rí kí ó tó tọ́ oúnjẹ náà wò. Wọ́n kìlọ̀ fún un níbi iṣẹ́, kò gbọ́. Lónìí, ilé ọtí onígíláàsì kan wà nísàlẹ̀ òkè wa. Wọ́n á bu ọtí fún ọ títí wàá fi ṣubú, wọ́n á sì tì ọ́ síta, láìmọ orúkọ rẹ. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní òwò. Òwò yẹn kọ́ ni Ìyá ṣe.

Nígbà tó kù díẹ̀ fún aya mi ní ilé ìwòsàn, wọ́n ń gbé oògùn àti omi wá ṣáá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó na ọwọ́ sí ife ike iwájú rẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé. Nọ́ọ̀sì rò pé ó ṣèèṣì ni, ó gbé ife náà dìde. Àdùkẹ́ wò mí. Nínú gbogbo àwa tí a wà ní yàrá náà, èmi nìkan ló gbọ́ ohun tó sọ. Mo dojú ife náà dé padà, mo sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kí akọ̀wé ìgbìmọ̀ wá sọ fún mi pé ọmọ oníṣòwò pàtàkì ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé, Fúnmi ọmọ mi wá láti àdúgbò Wakefield, ó bá mi nídìí páálí pẹ̀lú báírò. Mò ń fa igi la ọ̀rọ̀ wọn kọjá nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé: "Ẹlẹ́mu ni ìyá rẹ̀."

"Daddy, kí lẹ ń ṣe yìí? Àwọn èèyàn máa sọ̀rọ̀ o."

"Kí wọ́n sọ ọ́."

"Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti máa kà á o, Daddy."

Mo sọ ti ìjókòó ọparun fún un. Mo sọ ti ahá.

"Ife Mọ́mì yẹn, ní hospital," ó ní. "Mo rò pé ó kàn ṣubú ni."

"Kò ṣubú."

Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fa àga kan sún mọ́ mi, ó sì bu ìwé lápá kan nínú páálí. "Ẹ fún mi ní báírò kan."

Ọkùnrin ará Puerto Rico ti fi omi ọṣẹ fọ àtẹ̀gùn náà lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo sin Fúnmi dé ẹnu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, òórùn ẹmu ṣì wà níbẹ̀.