Bí Mo Ṣe Dọ̀bálẹ̀ fún Àna Mi Lórí Àlùbọ́sà

Mo ti dọ̀bálẹ̀ fún àgbà púpọ̀ láyé mi, àmọ́ ẹyọ kan ṣoṣo ló wà tí wọ́n ṣì fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ títí di òní. Orí àlùbọ́sà ni mo ti ṣe é, lọ́jà Mile 12, lọ́sàn-án gangan.

Nígbà náà, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kárí ìlú. Ketu ni mò ń gbé, mo sì ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Ogudu. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo fi ń lọ, òun náà ni mo fi ń bọ̀. Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ jẹ́ ọmọ Àlàájì kan tó ń ta àlùbọ́sà lápò-lápò. Odidi oṣù mẹ́ta ló fi bẹ bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó gbà láti rí mi, ó sì ti sọ fún mi pé òun ò ní fẹ́ ẹni tí bàbá òun bá kọ̀. Aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni àdéhùn wa.

Ẹ̀rù bà mí, kí n má parọ́. Mo yà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan, ó ní kí n mu bíà díẹ̀ kí àyà mi lè le. Mùsùlùmí lèmi náà, àmọ́ nígbà yẹn ẹsẹ̀ mi kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ọ̀nà mọ́sálásí. Ìgò kan di méjì. Nígbà tí mo fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ mi, mo bi í bóyá kò léwu.

"Kẹ̀kẹ́ lásán?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Guy, òfin pé ká má mutí wakọ̀, onímọ́tò ló wà fún. Ta ló ń béèrè licence lọ́wọ́ oníkẹ̀kẹ́?"

Mo gbà á gbọ́, nítorí ohun tí mo fẹ́ gbọ́ gan-an ló sọ.

Inú mi dùn lójú ọ̀nà! Mo ń kọrin, mo ń juwọ́ sí àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Lójú tèmi, títì ló ń mì, èmi ò mì rárá. Bí mo ṣe dé ẹnu ọjà ni tírélà kan tó kó tòmátì láti òkè Ọya fọn fèrè mọ́ mi. Ó yẹ kí n tẹ bíréèkì, àmọ́ n kò rántí ibi tó wà. Mo yí kẹ̀kẹ́ sápá òsì. Táyà tírélà náà sún mọ́ mi bó ṣe ń kọjá débi pé atẹ́gùn rẹ̀ fẹ́ ṣòkòtò mi, èmi náà sì fò kúrò lórí kẹ̀kẹ́, mo balẹ̀ gbalaja, àyà nílẹ̀, lórí àlùbọ́sà tí wọ́n tú sílẹ̀ kó lè gba atẹ́gùn.

Mo gbójú sókè, mo rí bàtà. Mo tún gbójú sókè sí i, mo rí fìlà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ onífìlà ni àfẹ́sọ́nà mi dúró sí, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Kí ni ǹ bá ṣe? Mo ṣáà ti wà nílẹ̀. Mo tún ara mi ṣe bí ẹni tó dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ káàsán sà. Èmi ni mo wá kí yín."

Àwọn aláàárù pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan tó ń ta ata nítòsí pariwo pé, "Àna gidi rèé! Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, wọ́n á kàn tẹ orí ba ni!" Àlàájì pàápàá rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rò pé mo ti là á já. Àfi bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ láti fà mí dìde, tí òórùn ẹnu mi kàn wọ́n nímú. Ẹ̀rín náà lọ.

"O mutí."

Wọ́n fa ìwé òfin ojú ọ̀nà kékeré kan yọ lápò, èyí tí wọ́n máa ń kà fún àwọn awakọ̀ tó ń kó ẹrù wọn. Wọ́n fìka tọ́ ibi tó ti sọ pé oníkẹ̀kẹ́ náà kò gbọdọ̀ mutí gun ojú títì.

"Ẹni tó wà nínú mọ́tò, irin ló bò ó," wọ́n ní. "Ní ti kẹ̀kẹ́, orí ẹ ni bọ́ńpà. Ó dáa, gùn ún kí n wò ó, láti ibí dé gate."

Gate náà kò jìnnà. Mo wo ọmọbìnrin náà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ǹ bá gbìyànjú ohunkóhun nítorí rẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kan kọjá kẹ̀kẹ́, ilẹ̀ tún mì, tírélà mìíràn sì ń wọlé bọ̀. Mo sọ ẹsẹ̀ mi kalẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò lè gùn ún. Mo ti mutí. Ẹ̀rù yín ló bà mí."

Mo mọ̀ pé ó ti tán. Omi bọ́ lójú mi, kì í sì í ṣe àlùbọ́sà ló fà á.

Àlàájì wò mí títí, wọ́n wá yíjú sí ọmọ wọn. "Ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi rìn. Sìn ín délé. Tó bá fẹsẹ̀ kan pẹ́dà, pè mí."

A ti kẹ̀kẹ́ náà lọ sí Ketu, èmi lápá kan, òun lápá kejì, àlùbọ́sà tí mo fi àyà tẹ̀ fọ́ sì wà nínú àpò lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń dúró di ìhà mú. Inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé mi ni fóònù rẹ̀ dún. Ó gbé e síbi tí èmi náà ti lè gbọ́.

"Ọkọ ẹ ti délé?" ni bàbá rẹ̀ bi í.

"Ó ti délé, Daddy," ó dáhùn. "Ẹsẹ̀ ló fi rìn."